Bí A Ṣe Pààrọ̀ Àǹtẹ́nà Orí Òrùlé Kárafáànù Wa

Nígbà tí àwọn olótùú ìwé ìrántí yìí ránṣẹ́ sí àwa tí a wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí a kọ nípa ohun kan tí ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ràn wá lọ́wọ́ láti ṣe, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa ni yóò kọ nípa iṣẹ́ ìṣègùn, ti òfin àti ti báńkì. Àwa méjèèjì, tọkọtaya tí a jọ jókòó nínú kíláàsì kan náà níbí, ti òrùlé ni a fẹ́ kọ. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe fi ọwọ́ ara wa pààrọ̀ àǹtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n orí kárafáànù wa, ìdí tí a fi ṣe é, àti ibi tí a ti ṣìṣe kí iṣẹ́ náà tó yanjú.

Kárafáànù ni wọ́n ń pe ilé kékeré onítáyà tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí a sì ń fà lọ sí etí òkun tàbí ìgbèríko ní àkókò ìsinmi. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, sítóòfù onígáàsì wà, ibi ìwẹ̀ kékeré wà, tẹlifíṣọ̀n sì wà lára ògiri. Àlòkù ni tiwa. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà ni, à bá pè é ní tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n kò rékọjá òkun kankan. Ọwọ́ àgbàlagbà tọkọtaya kan tí ọjọ́ ogbó kò jẹ́ kí wọ́n lè fà á kiri mọ́ ni a ti rà á. Àǹtẹ́nà tí ó bá a wá rí bí àwo tí a dojú rẹ̀ dé, ó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò ńlá, wọ́n sì dè é mọ́ àárín òrùlé pinpin.

Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, a kò ka ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n náà sí. Àwọn ọmọ ní fóònù wọn, àwa náà sì ní ìwé láti kà. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí Màmá wá láti Ìbàdàn láti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Màmá ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, orúnkún kò sì jẹ́ kí wọ́n lè bá wa rìn lọ sí etí òkun. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ní ọjọ́ Ìsinmi ni Songs of Praise, ètò orin ìyìn tí BBC ti ń gbé jáde láti ọdún 1961, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, púpọ̀ nínú àwọn orin náà ni wọ́n sì mọ̀ ní èdè méjèèjì. A tan tẹlifíṣọ̀n. Àwọn akọrin la ẹnu, ohùn wọn gé, ojú wọn fọ́ sí igun mẹ́rin mẹ́rin bí ògiri bíríkì tí ó wó, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Màmá kò sọ ohunkóhun. Wọ́n yí àga wọn sí ojú fèrèsé, wọ́n sì ń bá orin náà lọ fúnra wọn, jẹ́ẹ́jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó kù kí wọ́n padà sílé.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959 yóò rò pé òun mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe. Ẹnì kan a wà nídìí ọ̀pá níta, a máa yí i. Ẹnì kan a dúró lẹ́nu fèrèsé. Ẹnì kẹta a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. “Ṣé ó ti mọ́?” “Kò tíì mọ́!” “Báyìí ńkọ́?” “Ó ti mọ́, ó ti mọ́! Háà, ó tún ti lọ.” Nígbà náà, bí ìgbì tí àǹtẹ́nà ń mú láti inú afẹ́fẹ́ kò bá lágbára, àwòrán a máa hó bí àkàrà nínú epo, ṣùgbọ́n ènìyàn ṣì lè rí agbábọ́ọ̀lù láàárín ìhó náà. Tẹlifíṣọ̀n òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín 2007 sí 2012 ni wọ́n pa ètò àtijọ́ tì ní Bìrìtéènì, láti agbègbè kan dé òmíràn, tí gbogbo rẹ̀ sì di dígítà. Nọ́ńbà ni òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ń fi ránṣẹ́ báyìí. Bí nọ́ńbà tí ó dé bá pé tó, àwòrán a mọ́ bí omi àfẹ̀mọ́júpọn. Bí ó bá dín kọjá ìwọ̀n kan, ẹ̀rọ kò lè tò ó pọ̀ mọ́, kò sì sí ohun tí a ó rí. Nítorí náà ènìyàn lè yí ọ̀pá fún wákàtí kan gbáko láì mọ̀ bóyá òun ń sún mọ́ ọn tàbí òun ń jìnnà sí i, àfi bí ó bá ṣí ojú ewé inú tẹlifíṣọ̀n tí ó ń fi agbára ìgbì hàn àti bí ìgbì náà ti mọ́ tó. Ìwọ̀n kejì yìí, bí ó ti mọ́ tó, ni kí ẹ máa wò. A pẹ́ kí a tó mọ èyí.

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ ni búsítà. A ra èyí tí ó lágbára jù lórí àtẹ, a sì so ó mọ́ wáyà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ní ilé wa ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí òpó Crystal Palace tí ó ga ní mítà 219 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lé wa lórí, a dán an wò nínú ọgbà, àwọn ìkànnì tí ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ sì pòórá. Ní etí òkun, kò mú ìyàtọ̀ kankan wá. Owó wa gbé.

Ìdí rẹ̀ rọrùn nígbà tí a jókòó rò ó. Búsítà kì í wá ohun tí àǹtẹ́nà kò mú. Ohun tí ó bá bá lórí wáyà ni ó ń sọ di ńlá, ìgbì àti ariwo pọ̀. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ọjà Bódìjà, tí a sì gbé gbohùngbohùn sí ọjà náà, gbogbo ọjà ni yóò pariwo sí wa létí. Bí ìgbì bá sì ti lágbára tẹ́lẹ̀, bí ó ti rí lábẹ́ òpó Crystal Palace, búsítà a kún àkúnwọ́sílẹ̀, a sì ba èyí tí ó dára jẹ́. Ọ̀rọ̀ fóònù tún wà níbẹ̀. Láti 2013 ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti ń lo apá kan nínú àyè tí tẹlifíṣọ̀n ń lò tẹ́lẹ̀ rí fún 4G, nígbà tí ó sì di 2020, wọ́n ti ti tẹlifíṣọ̀n sí àárín 470 àti 694 MHz nìkan. Búsítà tí ó wà nínú àǹtẹ́nà àlòkù wa ti wà kí ìyípadà yìí tó dé. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dé 862 MHz, ó sì ń gbé ìgbì fóònù gbogbo àwọn tí ó wà ní etí òkun mì pọ̀ mọ́ orin Màmá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra búsítà lónìí, kí ó béèrè èyí tí kì í gba ohun tí ó kọjá 694.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi tí a ó ti yan àǹtẹ́nà tuntun ni a rántí olùkọ́ físíìsì wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì náà yóò rántí ọjọ́ tí wọ́n kó gbogbo wa lọ sí ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú okùn kànga. Wọ́n ti okùn náà bọ àárín irin géètì tí ó dúró gbọọrọ, akẹ́kọ̀ọ́ kan di orí kan mú nínú ọgbà, òmíràn di orí kejì mú ní títì. Nígbà tí a gbọn okùn sókè sódò, ìgbì náà kọjá láàárín irin, ó sì dé ọwọ́ ẹni tí ó wà ní títì. Nígbà tí a gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì, ó kọlu irin, ó sì kú síbẹ̀. Àwọn tí ń kọjá lọ rò pé orí wa ti dàrú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà gan-an ni ti àǹtẹ́nà. Ìgbì tí òpó ń rán jáde a máa gbọ̀n ní ìbú tàbí ní òòró, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ara àǹtẹ́nà sì gbọ́dọ̀ wà ní ìbú tàbí ní òòró pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe òdì síra, díẹ̀ kín-ún ni àǹtẹ́nà yóò rí mú. Ní Bìrìtéènì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òpó ńlá, bíi ti Crystal Palace, ni wọ́n ń rán tiwọn ní ìbú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òpó kékeré tí ó wà láàárín àfonífojì ni wọ́n ń rán tiwọn ní òòró, kí wọ́n má baà dí àwọn ńlá lọ́wọ́. Òpó Rowridge ní erékùṣù Wight ń ṣe méjèèjì. Kò pọn dandan kí ènìyàn há gbogbo èyí sórí. Bí a bá dé ibi tuntun, òrùlé àwọn ará abúlé ni a ń kọ́kọ́ wò: bí ọ̀pá àǹtẹ́nà wọn ti tò ni tiwa náà yóò tò, ibi tí wọ́n kọjú sí ni àwa náà yóò kọjú sí.

Gígùn àwọn ọ̀pá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ní 600 MHz, ìgbì kan gùn ní ìdajì mítà, ọ̀pá tí yóò sì mú un dáadáa gbọ́dọ̀ gùn tó ìdajì rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 25. Àwọn tí ó wà lára àǹtẹ́nà wa bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 lọ dé 32, èyí tí ó bá àyè tí tẹlifíṣọ̀n ń lò lónìí mu. Ìdí nìyí tí àǹtẹ́nà ìgbà èwe wa fi gbórín bí igi ìsáṣọ: ìgbì VHF ìgbà náà gùn ju èyí lọ fíìfíì. Ní ti èyí tí ó rí bí àwo, gbogbo ìhà ni ó ń gbọ́ lọ́gbọọgba. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yíyí lè fẹ́ràn rẹ̀, a kò sì bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbọ́ gbogbo ìhà kì í gbọ́ ìhà kan dáadáa. A yan èyí tí ó ní ojú kan, tí òpó kúkúrú rẹ̀ gba inú òrùlé wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, kí a lè máa gbé e sókè, kí a sì máa yí i láti inú ilé, ìbáà ṣe ní òjò.

Ilé ìtúnṣe kan tí a kò ní dárúkọ ní kí a mú kárafáànù wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Màmá yóò ti wà ní Ìbàdàn nígbà náà. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Kí a tó fi ohunkóhun lu òrùlé, a so àǹtẹ́nà tuntun mọ́ igi ìgbálẹ̀ gígùn, a ti wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé, ọ̀kan nínú wa sì dúró lẹ́yìn kárafáànù ní etí òkun bí alásíá níwájú ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Àwòrán dé, ó sì dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ihò tí a bá lu kò ṣeé dá padà, ó sì dára kí a mọ̀ pé nǹkan tí a fẹ́ fi dí i yóò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí a gun òkè, a pa iná, a yọ bátìrì, a ti gáàsì, a sì wo òkè bóyá wáyà iná mànàmáná kọjá nítòsí. A kò dúró lórí òrùlé náà rárá, nítorí pé álúmínì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, fóòmù àti pákó tín-ínrín ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àkàbà la lò, ẹnì kan lókè, ẹnì kan nísàlẹ̀ tí ó dì í mú. A tú àǹtẹ́nà àtijọ́. Gọ́ọ̀mù sílíkóònù, irú èyí tí wọ́n ń fi dí etí ibi ìwẹ̀, ni ẹnì kan ti fi yí i ká nígbà kan, ó ti le, ó sì ti sán. A fi orí ṣúkúrúdiráfà kan pákó tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wọlé bí ẹni ki ìka bọ inú ẹ̀kọ tútù.

Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Omi ti ń wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kí a tó rà á pàápàá, ó sì ń rìn lábẹ́ álúmínì láìsí àmì kankan nínú ilé ju àbàwọ́n kékeré kan tí a rò pé èéfín oúnjẹ ni. Pákó ti jẹrà tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan yíká ihò náà. Àwọn tí ó ní kárafáànù mọ̀ pé ọ̀rinrin ni ikú rẹ̀. Ó lè ba òrùlé àti ògiri jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí owó àtúnṣe yóò ju iye tí a rà á lọ. Ọ̀rọ̀ àwòrán tí ń fọ́ kéré sí èyí.

A gé pákó jíjẹrà náà kúrò láti inú ilé títí a fi dé ibi tí ó le. A ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí fáànù àti ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí gùn, nítorí pé a ń ka ọ̀sẹ̀ Màmá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bo pákó tútù mọ́lẹ̀ ti gbin olú sínú ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a fi pákó tuntun tí a ti fi oògùn pa dípò rẹ̀, a sì fi awẹ́ álúmínì pẹlẹbẹ bo ihò àtijọ́ lókè.

Ibòmíràn, lókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí pákó ti le, ni a lu ihò tuntun sí. Láti inú ni a ti kọ́kọ́ lu ihò kékeré bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, lẹ́yìn tí a ti rí i dájú pé wáyà iná kò gba ibẹ̀ kọjá. Láti òkè ni a ti wá fẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wa di dírílì mú, èkejì ń sọ pé kí ó dúró ná. A gbá gbogbo èérún irin kúrò kí ó má baà ha òrùlé, a sì kun etí pákó tí a gé kí ó má lè mu omi. Ní ti ohun tí a fi dí i, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ má lo gọ́ọ̀mù ilé ìwẹ̀. Òrùlé kárafáànù a máa nà nínú oòrùn, a máa sún kì nínú otútù, a sì máa gbọ̀n ní gbogbo ọ̀nà tí a bá fà á. Ohun tí ó bá le yóò sán. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún kárafáànù kì í gbẹ láéláé. Ó rọ̀ bí àtè, ó sì ń bá òrùlé nà, ó ń bá a sún kì. A tẹ́ ẹ nípọn sí abẹ́ àwo àǹtẹ́nà àti sí abẹ́ awẹ́ álúmínì, a fi kun orí ìdè kọ̀ọ̀kan, a sì ń dè é díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yọ jáde yíká láìsí àlàfo.

Wáyà kò gba àkókò púpọ̀. Ti àtijọ́ tín-ínrín, èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ ní bébà bàbà àti àwọ̀n bàbà lábẹ́ awọ rẹ̀. Nígbà tí a bá ń bó orí rẹ̀, kí fọ́nrán àwọ̀n náà kan ṣoṣo má ṣe kan bàbà tí ó wà láàárín. Fọ́nrán kan bí irun orí tó láti pa gbogbo iṣẹ́ náà run, ó sì pa á fún wa ní ìrọ̀lẹ́ kan kí a tó rí i. Níbi tí wáyà bá wà níta, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọlé, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kù kejì kí Màmá lọ ni a padà dé etí òkun. Ọkọ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń yí òpó láàárín àwọn ẹ̀wù. Ìyàwó dúró níta láti wo ibi tí àǹtẹ́nà kọjú sí. Màmá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Láti inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ohùn ti jáde: “Màmá, ṣé ó ti mọ́?” Wọ́n ní kò tíì mọ́. Ó yí i díẹ̀ sí i. Màmá pariwo, pẹ̀lú ohùn tí a kò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé: “Ó ti mọ́! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!” Nígbà tí a fi wọlé, wọ́n ti ń kọ ohùn kejì, wọ́n sì na ọwọ́ sí wa pé kí a dákẹ́.

Àwọn ohun kéékèèké díẹ̀ kù. Bí a bá dé ibùdó tuntun, kí a kọ́kọ́ kọjú àǹtẹ́nà sí òpó rẹ̀ kí a tó ní kí tẹlifíṣọ̀n wá ìkànnì. Bí a bá ṣe é ní òdì, ìkànnì ibi tí a ti ń bọ̀ ni yóò máa wá. Ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n tí a san owó rẹ̀ fún ilé wa ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó bo kárafáànù tí a ń fà kiri náà pẹ̀lú. Kí a sì sọ òpó kalẹ̀ kí a tó gbéra. A ti gbàgbé lẹ́ẹ̀kan rí, aládùúgbò kan ni ó sáré wá kan fèrèsé ọkọ̀ wa. Láti ọjọ́ náà, nígbà tí òpó bá wà lókè, aṣọ pupa a máa wà lára sítíà.

Ní oṣù kẹta ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ìrìnàjò tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, a ó kó ẹ̀wù jáde, a ó sì fi àtàǹpàkò tẹ pákó yíká òpó náà. Títí di ìgbà tí a ń kọ ìwé yìí, ó gbẹ.